Òrùka Ìwọ̀n Ara Ẹ̀rọ Léètì Kékeré: Bí A Ṣe Lè Tún Un Ṣe Kí Iṣẹ́ Irin Wa Lè Péye

Ní Iware, Fìdítì, Ìlọrà, Awẹ́ àti káàkiri Ìjọba Ìbílẹ̀ Afijio, ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ wà lára ohun tí ń gbé ọrọ̀ ajé ọ̀pọ̀ ìdílé ró. Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe irè oko tí ń dúró de ènìyàn. Bí a bá ti hú u tán, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà tí yóò sì máa bàjẹ́. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ bá dákẹ́ ní ọjọ́ Ajé, tí wọn kò sì rí i tún ṣe títí di ọjọ́bọ̀, àdánù náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ. Ó kan àgbẹ̀ tí ó hú ẹ̀gẹ́, ó kan àwọn ìyá tí ń yan gààrí, ó sì kan ẹni tí ń rà á lọ́jà.

Ohun tí ó sábà máa ń dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dúró ni ṣáàfù tí ó ti jẹ, ìyẹn ọ̀pá irin tí ń yí láàárín ẹ̀rọ, tàbí béárìn tí ó ti bàjẹ́. Béárìn tuntun kò ṣòro láti rí: ẹni tí ó bá dé Ọ̀yọ́, tàbí ọjà Araromi ní Agodi Gate ní Ìbàdàn, yóò rí i rà. Ṣáàfù ni ó nílò ọwọ́ oníṣẹ́. Orí ẹ̀rọ léètì ni a ti ń ṣe é, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń di irin mú tí ó sì ń yí i, nígbà tí ọ̀bẹ líle ń fá a títí yóò fi dé ìwọ̀n tí a fẹ́. Àlàyé yìí dá lórí ohun kékeré kan lára ẹ̀rọ náà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó ń pinnu bóyá ṣáàfù yóò bá béárìn mu tàbí kò ní bá a mu. Ohun náà ni òrùka ìwọ̀n.

Kí ni òrùka ìwọ̀n?

Lára ẹ̀rọ léètì, ọwọ́ kan wà tí oníṣẹ́ ń yí láti ti ọ̀bẹ síwájú tàbí láti fà á sẹ́yìn. Ọwọ́ yìí ni ó ń yí síkúrù gígùn kan, síkúrù náà sì wọ inú nọ́ọ̀tì tí ó wà lábẹ́ ibi tí a de ọ̀bẹ mọ́. Ní ìdí ọwọ́ náà ni òrùka irin kan wà tí a fín ìlà wẹ́wẹ́ sí lára yíká. Bí ọwọ́ bá ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìlà náà ń kọjá níwájú ìlà atọ́ka kan tí kì í kúrò lójú kan. Oníṣẹ́ a máa ka iye ìlà tí ó kọjá, a sì mọ bí ọ̀bẹ ti rìn tó.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1848 ni Jean Laurent Palmer, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé àṣẹ lórí irinṣẹ́ ìwọ̀n tí ó ń lo síkúrù àti ìlà, èyí tí ó di maikirómítà tí a ń lò títí di òní. Ìpìlẹ̀ kan náà ni òrùka ara léètì dúró lé: bí a bá mọ bí síkúrù ti ń rìn tó ní ìyípo kan, tí a sì pín ìyípo náà sí ọ̀nà púpọ̀ tí ó dọ́gba, a ó mọ bí ọ̀bẹ ti rìn tó ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà àtijọ́, síkúrù tí ń ti ọ̀bẹ ní eyín 10 nínú íǹṣì kan. Ìyípo kan yóò wá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá íǹṣì. Bí ìlà ara òrùka bá jẹ́ 100, ìlà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì, èyí tí í ṣe 0.0254 mìlímítà. Ẹ rántí pé irin ń yí níwájú ọ̀bẹ. Ohun tí ọ̀bẹ bá fá ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó fá a yíká ni. Nítorí náà, bí ọ̀bẹ bá wọlé ní ìlà kan, ìbú ṣáàfù láti etí kan dé etí kejì yóò dín ní ìlọ́po méjì, ìyẹn 0.0508 mìlímítà.

Ìdí tí àṣìkà ìlà kan fi lè ba iṣẹ́ jẹ́

Béárìn tí a ń pè ní 6205 wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ kéékèèké. Ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 25 mìlímítà. Ti 6204 jẹ́ 20, ti 6206 sì jẹ́ 30. Kí béárìn tó lè di ara rẹ̀ mú dáadáa lórí ṣáàfù, ìyàtọ̀ tí ó yẹ kí ó wà láàárín ihò àti ṣáàfù kò ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan lọ. Irun orí ènìyàn kan nípọn ju ìyàtọ̀ náà lọ.

Bí oníṣẹ́ bá ṣi ìlà kan ṣoṣo kà lára òrùka ẹ̀rọ tí a ṣàpèjúwe lókè yìí, ṣáàfù rẹ̀ yóò fi 0.05 mìlímítà kéré jù tàbí tóbi jù. Bí ó bá tóbi jù, a ó fi òòlù lu béárìn kí ó tó wọlé, a ó sì ti ba bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá kéré jù, ṣáàfù yóò máa yọ̀ nínú béárìn, yóò máa gbóná, yóò sì máa jẹ ara rẹ̀. Láìpẹ́ láìjìnnà, ẹ̀rọ a tún dákẹ́. Àwọn kan a máa fi òòlù àti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún ara ṣáàfù kí ó lè wú díẹ̀, àwọn mìíràn a máa fi agolo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e. Ìrànlọ́wọ́ ọjọ́ díẹ̀ ni gbogbo ìyẹn. Owó tí a kò san lẹ́ẹ̀kan, a ó san án lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ìṣòro mẹ́ta tí ó wà lára òrùka ẹ̀rọ kékeré

Ẹ̀rọ léètì kékeré, irú èyí tí ó ṣeé gbé ka orí tábìlì, ti ń wọ ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, àti àwọn tí ń fi iṣẹ́ irin ṣe ìgbádùn lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Ẹ̀rọ tó wúlò ni, ṣùgbọ́n òrùka ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń ní àléébù mẹ́ta.

Èkíní, òrùka náà a máa kéré jù. Bí ìbú òrùka bá jẹ́ 25 mìlímítà, àyíká rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 78.5 mìlímítà. Bí a bá pín èyí sí ọ̀nà 100, àyè tí ó wà láàárín ìlà kan àti èkejì kò tó mìlímítà kan. Ó jẹ́ 0.785 péré. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí iná kò mọ́lẹ̀ dáadáa, ojú ọ̀dọ́ pàápàá a máa ṣì í kà, áḿbọ̀sì ojú ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún.

Èkejì, òrùka mìíràn kò ṣeé yí padà sí òdo. Oníṣẹ́ ní láti máa rántí pé ìlà 37 ni òun ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa ṣe ìṣirò lórí ìyẹn. Bí oníbàárà bá dé lójijì tí ó kí i, iye náà ti fò lọ.

Ẹ̀kẹta, íǹṣì ni ọ̀pọ̀ òrùka ń kà, mìlímítà sì ni béárìn, bóòtù àti àwọn ohun èlò tí a ń rà lónìí ń lò. Ìtàn wà nídìí èyí. Orílẹ̀-èdè wa yí padà kúrò nínú ọ̀pọ̀ ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún díẹ̀: ní ọjọ́ 2 oṣù Ẹrin ọdún 1972 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún, ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè, Òfin Ìwọ̀n sì jáde ní ọdún 1974 láti fìdí ìwọ̀n mítà àti kìlógíráàmù múlẹ̀. A kó àwọn owó àtijọ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n irin kì í kú bọ̀rọ̀. Àwọn ẹ̀rọ tí ń ka íǹṣì ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tòkunbọ̀ sì ń wọlé títí di òní. Ní ọdún 1980 pàápàá, ìjọba àpapọ̀ dá ilé iṣẹ́ Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo, tí ó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, kí a lè máa ṣe irú ẹ̀rọ báyìí fúnra wa.

Ọ̀nà àtúnṣe: òrùka tí ó tóbi, tí ó sì ṣeé dá padà sí òdo

Kò pọn dandan kí a ta ẹ̀rọ nítorí òrùka rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní léètì lè fi léètì náà ṣe òrùka tuntun fún un.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí a mú kí ó tóbi. Bí ìbú òrùka tuntun bá jẹ́ 60 mìlímítà, àyíká rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi 188.5 mìlímítà. Bí ìlà bá jẹ́ 100, àyè láàárín wọn yóò jẹ́ 1.885 mìlímítà, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì ti àtijọ́ lọ. Kí a tó gé irin, kí a kọ́kọ́ wọn àyè tí ó wà ní ìdí ọwọ́ ẹ̀rọ, kí òrùka ńlá má baà máa ha ara ẹ̀rọ. Alumíníọ̀mù tàbí idẹ dára fún un, nítorí wọn rọrùn láti gé, wọn kì í sì í dípẹtà bí irin lásán.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kí a ṣe é ní apá méjì. Apá inú ni a ó dè mọ́ síkúrù pinpin. Apá òde, tí ìlà wà lára rẹ̀, yóò wọ orí apá inú, a ó sì fi irin pẹlẹbẹ kékeré tí ń ta bí sípíríìnì sáàárín méjèèjì. Òrùka òde yóò máa bá ọwọ́ ẹ̀rọ yí, ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ bá fi ìka dì í mú, yóò lè dá a padà sí òdo láìjẹ́ pé ọ̀bẹ kúrò lójú kan. Sípíríìnì náà kò gbọdọ̀ le jù, kò sì gbọdọ̀ rọ̀ jù. Bí ó bá rọ̀ jù, òrùka yóò máa yẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì máa parọ́ fún oníṣẹ́.

Àṣírí 127

Ìgbésẹ̀ kẹta ni iye ìlà. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ní síkúrù oní-íǹṣì, tí ó sì fẹ́ máa ka mìlímítà, lè rò pé àfi kí òun pààrọ̀ síkúrù àti nọ́ọ̀tì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1959 ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ń lo íǹṣì, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn, ti fohùn ṣọ̀kan pé íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4 géérégé. Nítorí náà, síkúrù eléyín 10 nínú íǹṣì kan ń rìn ní mìlímítà 2.54 ní ìyípo kan. Bí a bá pín ìyípo náà sí ìlà 127 dípò 100, ìlà kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ mìlímítà 0.02, láìsí èérún kankan lẹ́yìn rẹ̀. Bí síkúrù bá ní eyín 8 nínú íǹṣì, ìyípo kan jẹ́ 3.175, ìlà 127 yóò sọ ìlà kan di 0.025. Bí ó bá ní eyín 5, ìlà kan yóò jẹ́ 0.04.

Ẹ wo àǹfààní rẹ̀. Bí a bá fẹ́ fá irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 28 mìlímítà títí yóò fi di 25, ọ̀bẹ ní láti wọlé ní 1.5 mìlímítà. Lára òrùka oní-íǹṣì, èyí jẹ́ ìlà 59 àti èérún díẹ̀. Lára òrùka ìlà 127, ó jẹ́ ìlà 75 géérégé. Ohun kan ni kí a má gbàgbé: ìyípo kan kì í ṣe iye tí ó rọrùn láti kà, 2.54 ni. Bí iṣẹ́ bá gba ju ìyípo kan lọ, kí oníṣẹ́ fá irin sún mọ́ ìwọ̀n ná, kí ó fi maikirómítà wọ̀n ọ́n, kí ó dá òrùka padà sí òdo, lẹ́yìn náà kí ó ka èyí tí ó kù.

Bí a ó ṣe fín ìlà náà kí wọn lè dọ́gba

Lára àwọn jíà tí ń bá ọ̀pọ̀ léètì oní-íǹṣì wá, a lè rí ọ̀kan tí ó ní eyín 127, nítorí òun ni wọ́n fi ń gé síkúrù oní-mìlímítà. Bí ẹ bá ní in, ẹ dè é mọ́ ìdí ọ̀pá tí ń yí irin, kí ẹ sì ṣe irin kékeré kan tí yóò máa bọ́ sáàárín eyín rẹ̀, kí ó máa dá a dúró. Eyín kan, ìlà kan.

Bí kò bá sí irú jíà bẹ́ẹ̀, téèpù onírin tí káfíńtà ń lò tó. Ẹ gé pákó kan rìbìtì tí ìbú rẹ̀ fi díẹ̀ ju 404 mìlímítà lọ, kí ẹ dè é mọ́ ìdí ọ̀pá náà, kí ẹ sì máa fá etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí téèpù tí a wé yíká rẹ̀ yóò fi pàdé ara rẹ̀ ní mìlímítà 1270. Sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan lára téèpù náà ti di ọ̀kan nínú ọ̀nà 127. Pákó náà tóbi ju òrùka lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà àti ààbọ̀, nítorí náà bí a bá fi ìdajì mìlímítà ṣì téèpù kà, àṣìṣe tí yóò dé ara òrùka kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan. Fún òrùka oní-ìlà 100, kí téèpù pàdé ní mìlímítà 1000, ìyẹn pákó tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi 318.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí fín ìlà, kí a yọ wáyà iná ẹ̀rọ kúrò pátápátá. Ọwọ́ ni a ó fi máa yí i. A ó de ọ̀bẹ ẹlẹ́nu ṣóńṣó ní ìbámu pẹ̀lú àárín irin, a ó tì í wọ ara òrùka díẹ̀, a ó sì fà á lọ ní gígùn láti fín ìlà kan. A ó yí i dé ipò kejì, a ó tún fà á. Kí ìlà kẹwàá-kẹwàá gùn jù, kí ìlà karùn-ún-karùn-ún tẹ̀lé e, kí àwọn ìyókù kúrú. Lẹ́yìn náà ni a ó tẹ nọ́ńbà sí i, a ó fi ọ̀dà dúdú kun ún, a ó sì nu ojú rẹ̀ kí ọ̀dà lè kù sínú ìlà nìkan. Ẹ kọ ọ́ sí ara òrùka bóyá jíjìn ọ̀bẹ ni ó ń kà tàbí ìbú irin. Ọ̀pọ̀ ṣáàfù ni ó ti bàjẹ́ nítorí pé ẹni méjì ń lo ẹ̀rọ kan, tí ọ̀kan rò pé ìlà kan jẹ́ 0.02 tí èkejì sì rò pé 0.04 ni.

Ohun tí òrùka tuntun kò lè wò sàn

Òrùka tuntun kò lè tún nọ́ọ̀tì tí ó ti jẹ ṣe. Ẹ yí ọwọ́ ẹ̀rọ síwájú títí ọ̀bẹ yóò fi rìn, kí ẹ wá yí i padà: iye ìlà tí ó kọjá kí ọ̀bẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà ni àlàfo tí ó wà láàárín síkúrù àti nọ́ọ̀tì. Àlàfo díẹ̀ kò burú. Ohun tí oníṣẹ́ nílò ni pé kí ó máa ti apá kan ṣoṣo dé orí ìlà. Bí ó bá kọjá ìlà, kí ó má kàn fà á sẹ́yìn díẹ̀; kí ó yí i padà tó ìdajì ìyípo, kí ó tún bọ̀ wá sórí ìlà náà. Ṣùgbọ́n bí àlàfo bá ti ju ìdá mẹ́rin ìyípo kan lọ, ó tó àkókò láti ṣe nọ́ọ̀tì tuntun.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ dán an wò. Ẹ fá irin kan, ẹ fi maikirómítà wọ̀n ọ́n, ẹ ti ọ̀bẹ wọlé ní ìlà mẹ́wàá, ẹ fá a, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Lára òrùka ìlà 127 tí síkúrù rẹ̀ jẹ́ eléyín 10, ìbú irin gbọ́dọ̀ dín ní 0.40 mìlímítà. Àwọn tí ó ra ẹ̀rọ kékeré tuntun náà kò gbọdọ̀ fojú fo ìdánwò yìí. Lára àwọn kan tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, síkúrù oní-mìlímítà kan ni ó wà nínú, ìlà 40 ni ó wà lára òrùka, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìlà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì. Kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dín díẹ̀, bí iṣẹ́ bá sì ti ń jìn sí i ni àṣìṣe náà ń pọ̀ sí i.

Ààbò oníṣẹ́

A rọ gbogbo ẹni tí ń lo léètì láti fi gíláàsì bo ojú, láti ká apá aṣọ sókè, láti di irun tí ó bá gùn, àti láti má wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí, nítorí ó lè fa ọwọ́ wọlé. Ẹ má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ tí ń di irin mú kí ẹ tó tan iná. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kó ìfárí irin. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Àwọn ọ̀gá tí ó ní ọmọ iṣẹ́ ni a ń bá wí jù lọ nínú èyí, nítorí ohun tí ọmọ iṣẹ́ bá rí ni yóò ṣe.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Àwọn oníbàárà náà ní ipa tiwọn. Bí ẹ bá gbé ṣáàfù lọ fún oníṣẹ́, ẹ gbé béárìn tuntun dání kí ó lè fi wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì bèèrè ìwọ̀n tí ó fẹ́ gé e sí, ní mìlímítà, kí ó tó tan ẹ̀rọ. Bí ẹ bá dé ilé, kí béárìn wọ ṣáàfù láìsí pé a lu ú kíkankíkan, kí ó má sì yọ̀ lórí rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà kí ẹ tó dà ẹ̀gẹ́ sínú ẹ̀rọ.